Àsíá Tí N Kò Jù

Ẹ má pè mí ní rẹfirí lónìí.
Ẹ pè mí ní Tíṣà Ìbídùn tó ń kọ́ni ní ìṣirò,
tó máa ń wọ ẹ̀wù onílà dúdú-funfun ní Sátidé
lórí pápá tó wà lẹ́yìn Bọ́lọ́rundúró nílùú Ilẹ̀ṣà,
níbi tí a ti fi ẹfun fa ìlà láàárọ̀,
tí òjò sì ti pa ìdajì rẹ̀ rẹ́ kó tó di ọ̀sán.

Ẹ wò wọ́n bí wọ́n ti lóṣòó,
mọ́kànlá níhìn-ín, mọ́kànlá lọ́hùn-ún,
ọwọ́ kan nílẹ̀, ojú lókè.
Àwọn bàbá wọn àgbà lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
wọ́n ní àwọn ò ní dìde àfi bí owó aṣọ bá pé.
Òṣómàáló! Àwọn ọmọ ṣì ń lóṣòó,
gbèsè tí wọ́n fẹ́ gbà nìkan ló yàtọ̀:
bọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu ṣóńṣó, bí ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n.

Èmi kò ní kí wọ́n má kọlu ara wọn.
Ìkọlù ni eré náà.
Fi èjìká gbá a láyà, kó lulẹ̀, kó gbọn eruku dànù: mo gbà.
Ṣùgbọ́n bí o bá tẹ orí ba bí àgbò,
tí o fi àtàrí akoto wá agbárí ẹlòmíràn,
ẹni tó nawọ́ sókè, tí ojú rẹ̀ ń wá bọ́ọ̀lù,
tí kò rí ọ, tí kò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀,
èyí kì í ṣe eré mọ́.
Ìwé òfin sọ bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn nínú ìwé.

Ìwé kì í sáré.
Lórí pápá, kí akàn tó ṣẹ́jú, gbòà!
Èjìká ló kọ́kọ́ dé ni, àbí orí?
Ó tẹrí ba ni, àbí ẹni tí wọ́n kọlù ló ń ṣubú bọ̀?
Wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.
Èmi tí n kò ráyè gbẹ́jọ́ ẹnikẹ́ni ńkọ́,
orúkọ wo lẹ ó fún mi?

Nígbà àkọ́kọ́, kó tó di ìsinmi,
Fápohùndà forí sọ Adéṣuyì.
Mo rí i. Mo gbọ́ ọ.
Ọwọ́ mi ti kan aṣọ aláwọ̀ ìyeyè nínú àpò.
Ṣùgbọ́n Adéṣuyì fò dìde, ó ń rẹ́rìn-ín,
èrò hó yèè.
Mo yọ ọwọ́ lápò lófìfo.
Mo ní: ṣebí kò sóhun tó ṣe é?

Ìkejì, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí eré parí.
Fápohùndà kan náà. Bó ṣe tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan náà nù un.
Mo ju àsíá kí ọmọ náà tó kanlẹ̀.
Yáàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo sì ní kí Fápohùndà jáde.
Bàbá rẹ̀ pariwo láti ẹ̀yìn ìlà:
"Kí ló dé tí ti ẹ̀ẹ̀kan ò fi burú?"
N kò dáhùn. Mo kúnlẹ̀ ti Adéṣuyì,
mo bi í: kí lorúkọ rẹ?
Ó wo ẹnu mi. Ó wo òkè.
Ó ní: "Tíṣà, ṣé a ti jẹun ọ̀sán?"

Ara rẹ̀ ti yá báyìí. Ó mọ orúkọ rẹ̀,
ó mọ ti ìyá rẹ̀, ó tilẹ̀ jẹ mí ní iṣẹ́ àṣetiléwá.
Wọ́n ń kí mi pé mo láyà, pé mo ju àsíá.
Èyí tí mo jù kò dùn mí.
Ìbéèrè bàbá Fápohùndà ló ń jí mi lóru.
Ọgbẹ́ ni mo dá lẹ́jọ́, n kò dá ìkọlù lẹ́jọ́.
Mo ń dúró kí ìpalára wá jẹ́rìí
nígbà tí ojú èmi fúnra mi ti jẹ́rìí tán.
Ká ní mo ti jù ú nígbà àkọ́kọ́,
bóyá ọmọ yẹn ì bá ti gbé orí sókè.

Sátidé tó ń bọ̀, èmi náà yóò lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà.
N ò ní wo ẹni tó dìde, n ò ní wo ẹni tó rẹ́rìn-ín.
Orí ni n óò máa wò.
Àsíá náà wà lórí okùn lẹ́yìnkùlé, mo fọ̀ ọ́ lánàá.
Kò tíì gbẹ.